Ihò USB mẹ́rin lára láptọ́ọ̀pù kan: èwo ló yára, èwo ló ń gba ṣájà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mò ń ṣe ní Ìjọ̀kà, níbí ní Àkúrẹ́. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan lóṣù tó kọjá. Ihò USB mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Lápá òsì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan dúdú tí àmì mànàmáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ọ̀kan dúdú lásán àti Type-C kékeré kan. Tí mo bá fẹ́ da iṣẹ́ tó tó 128GB láti inú láptọ́ọ̀pù sínú hard drive mi, ó máa ń gbà tó wákàtí kan gbáko, bẹ́ẹ̀ inú ihò búlúù ni mo ń kì í bọ̀. Okùn hard drive náà ti bàjẹ́, okùn fóònù mi àtijọ́ ni mò ń lò báyìí. Ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù náà fún mi tún sọ pé Type-C yẹn á máa gba ṣájà. Mo fi ṣájà fóònù sí i, kò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀ wọn, kí n sì mọ èyí tó yẹ kí n fi ṣe kí ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ oníbàárà ló wà nínú hard drive yẹn, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ihò búlúù tí ẹ ń lò kò jẹ̀bi rárá. Okùn fóònù yẹn ló ń fà yín sẹ́yìn. Ẹ wo ihò tó wà lára hard drive yín dáadáa. Ó fẹ̀, ó sì pín sí méjì: apá kan tóbi díẹ̀, apá kejì kéré, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Okùn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ máa ń kún apá méjèèjì. Okùn fóònù àtijọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní micro, máa ń wọ apá tó tóbi nìkan, apá kékeré á sì ṣófo. Hard drive á tan, fáìlì á hàn, ẹ ó sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún yín pé nǹkan kan kù. Ṣùgbọ́n inú apá kékeré tó ṣófo yẹn gan-an ni wáyà eré wà. Láìsí i, ihò búlúù àti hard drive máa ń padà sí ìlànà àtijọ́, ìyẹn USB 2.0, wọ́n á sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú ni iye àkókò tí ẹ kọ. Ẹ pín 128GB sí wákàtí kan: mẹ́gábáìtì bíi 35 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Iye tí USB 2.0 sábà máa ń gbé nìyẹn tí iṣẹ́ bá délẹ̀. Hard drive alágbèéká tí ara rẹ̀ le lè gba mẹ́gábáìtì 100 sí 130 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ọ̀nà bá ṣí fún un. Ẹ lọ ra okùn tó fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ pín sí méjì, kí ẹ tún da iṣẹ́ kan náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ló yẹ kó gbà. Ẹ gbé hard drive náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi okùn náà wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ó wá ku ìbéèrè ńlá yín, bí a ṣe ń dá wọn mọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ USB, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyẹn. Ìrísí ihò wà lọ́tọ̀: ṣé ó rí pẹrẹsẹ ni àbí etí rẹ̀ yí roboto. Eré tí fáìlì lè sá gba inú rẹ̀ kọjá wà lọ́tọ̀. Ìwọ̀n iná tó lè gbé jáde tàbí tó lè gbà wọlé náà wà lọ́tọ̀. Ihò méjì lè rí bákan náà lójú, kí eré ọ̀kan ju ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì lọ. Ẹni tó bá ní "Type-C ni, ó ti yára nìyẹn" ti fi ìrísí dáhùn ìbéèrè eré. Ẹni tó bá ní "Type-C ni, á gba ṣájà" ti fi ìrísí dáhùn ìbéèrè iná, ohun tí ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù fún yín ṣe gan-an nìyẹn. Mi ò rò pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà Ọba Adésídà àti ní Arákálẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wọn náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ti ìrísí kò gba àkókò. Èyí tó rí pẹrẹsẹ, tí fláàṣì ń wọ̀, ni Type-A. Èyí tó ní igun mẹ́rin, tí wọ́n gé etí rẹ̀ méjì lókè, tó wà lẹ́yìn píríńtà, ni Type-B. Mini àti micro wà lára kámẹ́rà àti fóònù àtijọ́. Èyí tó fẹ̀ tó pín sí méjì lára hard drive yín, micro náà ni, wọ́n kàn fi apá kan kún un ni. Type-C jáde ní 2014. Ó kéré, etí rẹ̀ yí roboto, kò lójú, kò lẹ́yìn: bó bá ṣe wù yín ni kí ẹ kì í bọ̀ ọ́.

Eré ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní 1996, ilé iṣẹ́ méje, tí Intel, Microsoft àti IBM wà lára wọn, gbé USB àkọ́kọ́ jáde kí kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti píríńtà lè fi ihò kan náà ṣe iṣẹ́ wọn, dípò kí kálukú ní ihò tirẹ̀. Kò yára nígbà náà, mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó mọ. USB 2.0 dé ní 2000 pẹ̀lú mẹ́gábíìtì 480. USB 3.0 dé ní ìparí 2008, ó sì fò sókè lọ sí gígábíìtì 5, ìyẹn mẹ́gábíìtì 5,000, ohun tó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ní 2013, 3.1 gbé e dé gígábíìtì 10. Ní 2017, 3.2 gbé e dé 20. USB4 dé ní 2019 pẹ̀lú 40. Ẹ rántí pé bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Mẹ́gábíìtì 480 kì í ṣe mẹ́gábáìtì 480, ó jẹ́ 60, wọn kì í sì í rí 60 yẹn gbà tán nítorí ètò tó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́ náà máa ń jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò USB wá ṣe ohun kan tí inú mi kò dùn sí títí dòní. Nígbà tí 3.1 dé, wọ́n yí orúkọ 3.0 padà sí USB 3.1 Gen 1. Nígbà tí 3.2 dé, wọ́n tún un pè ní USB 3.2 Gen 1. Ihò kan náà, gígábíìtì 5 kan náà, orúkọ mẹ́ta. Àwọn aráàlú ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "3.2 ni tèmi o, kì í ṣe 3.0", tó sì fẹ́ fi owó lé e, ẹ bi í léèrè pé Gen mélòó ni. Gen 1 jẹ́ gígábíìtì 5, ìyẹn 3.0 ọjọ́sí. Gen 2 jẹ́ 10. Gen 2x2 jẹ́ 20. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má sanwó lé e nítorí orúkọ.

Báwo wá ni ojú ṣe lè mọ̀ ọ́n? Ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ wo inú ihò Type-A. Ẹ ó rí ike pẹrẹsẹ kan tó nà jáde, a máa ń pè é ní ahọ́n. Ara rẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Tó bá jẹ́ USB 2.0, irin mẹ́rin ni. Tó bá jẹ́ 3.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin yẹn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi márùn-ún kéékèèké kún un ní ṣónṣó ahọ́n, lápá ibi tó súnmọ́ ẹnu. Mẹ́sàn-án lápapọ̀. Bákan náà ni fún fláàṣì àti okùn: ẹ wo inú ẹnu wọn, ẹ ó rí mẹ́rin níwájú, tó bá sì jẹ́ 3.0, márùn-ún á wà nínú lọ́hùn-ún. Nínú gbogbo ohun tí ojú lè rí, kíka irin yìí ni mo fọkàn tán jù.

Àwọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀, òun sì ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Wọ́n dábàá búlúù fún 3.0, dúdú tàbí funfun fún 2.0. Ìdábàá ni, kì í ṣe òfin. MacBook Air ọdún 2012 ní USB 3.0, kò sì sí búlúù kankan lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ HP EliteBook àti Dell Latitude tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé dúdú ni ahọ́n ihò wọn, bẹ́ẹ̀ 3.0 ni wọ́n. Ẹni tó bá ń wá búlúù lára wọn á rò pé kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Ní òdìkejì, mo ti rí fláàṣì tí ahọ́n rẹ̀ búlúù rekete, tí irin inú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Yẹ́lò tí ẹ bá rí lára ThinkPad àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ iná, kì í sọ̀rọ̀ eré: ihò tí iná kì í kú nínú rẹ̀ ni, ẹ lè fi gba iná sí fóònù nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà ní pípa. Pupa àti ọsàn náà sábà máa ń ní ìtumọ̀ yẹn lára láptọ́ọ̀pù, àmọ́ lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pupa lè túmọ̀ sí gígábíìtì 10. Ẹ rí i pé àwọ̀ kò ní èdè kan tí gbogbo wọn jọ ń sọ.

Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò sàn ju àwọ̀ lọ. Ẹ mọ àmì USB: igi kan tó ní ẹ̀ka, tí òpin wọn jẹ́ roboto, igun mẹ́ta àti igun mẹ́rin. Bí ẹ bá rí i nìkan, láìsí lẹ́tà kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 2.0. Bí lẹ́tà SS bá wà níbẹ̀, 3.0 ni, gígábíìtì 5. Bí 10 bá tẹ̀ lé SS, gígábíìtì 10 ni. Àmì wọ̀nyí máa ń parẹ́ lára ohun tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, torí náà ẹ fi ọwọ́ nu ún, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa.

Mànàmáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò dúdú yín ni ó kàn. Lára Type-A, iná ni mànàmáná ń sọ, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú eré. Ó ń sọ fún yín pé ihò yẹn lè máa fún fóònù ní iná bí láptọ́ọ̀pù bá tilẹ̀ sùn tàbí tí ẹ pa á. Lára Dell, wọ́n sábà máa ń ya bátìrì mọ́ ọn. Ó wúlò gan-an nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí fóònù sì fẹ́ kú, àmọ́ bátìrì láptọ́ọ̀pù ló ń jẹ, lára àwọn kan sì rèé, ẹ ní láti lọ tan án nínú ètò kọ̀ǹpútà kó tó ṣiṣẹ́. Ihò náà lè jẹ́ 2.0, ó sì lè jẹ́ 3.0. Ẹ wá SS lẹ́gbẹ̀ẹ́ mànàmáná náà, kí ẹ sì ka irin.

Type-C ló le jù. A kì í dá ẹsẹ̀ aṣìwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni ihò yìí rí. Irin 24 ni ìlànà ṣètò fún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ló ń yan èyí tó máa lò níbẹ̀. Type-C kan lè wà tí eré rẹ̀ kò ju mẹ́gábíìtì 480 lọ, bíi ti ọdún 2000. Òmíràn á gbé gígábíìtì 40. Ọ̀kan á gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n, èkejì kò ní gbé e. Ọ̀kan á gba ṣájà, èkejì á máa fúnni níná nìkan, kò ní gbà á láéláé. Ara láptọ́ọ̀pù kan náà ni ẹ ti lè rí Type-C méjì tí iṣẹ́ wọn kò papọ̀.

Àmì nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí P tí wọ́n kọ sínú D, ihò yẹn ń gbé àwòrán: ẹ lè fi so tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí mànàmáná tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní orí ọfà, Thunderbolt nìyẹn. Intel pẹ̀lú Apple ló gbé e jáde ní 2011, ìran rẹ̀ kẹta ní 2015 ló wọ ihò Type-C. Ó ń gbé fáìlì ní gígábíìtì 40, ó ń gbé àwòrán, ó sì sábà máa ń gba ṣájà. Ẹ má ṣe fi mànàmáná olórí ọfà yìí wé ti ihò dúdú yín o, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá rí àmì bátìrì tàbí ti púlọ́ọ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Type-C, ọ̀rọ̀ iná ni. Bó bá jẹ́ SS nìkan ló wà níbẹ̀, tàbí tí kò sí nǹkan kan, fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà pé ó mọ̀ ọ́n gbé, títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn.

Kí ló dé tí ṣájà fóònù yín kò ṣiṣẹ́? Ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé ihò náà kò mọ iná gbà, kò sì sí ṣájà kankan láyé tó máa yí i padà. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n gbà ṣùgbọ́n ṣájà yín kéré jù. Ṣájà fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò jẹ́ wáàtì 10, 15 tàbí 18. Láptọ́ọ̀pù fẹ́ wáàtì 45 tàbí 65, ó sì fẹ́ kó wá ní fóòtì (volt) 20, nígbà tó jẹ́ pé fóòtì 5 ni ṣájà kékeré ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sí. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Power Delivery, PD ni wọ́n máa ń kọ sára ṣájà. Ṣájà PD àti láptọ́ọ̀pù máa ń kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní fóòtì 5, wọ́n á fẹnu kò sí iye tí láptọ́ọ̀pù ń fẹ́, kí iná tó gòkè. Ìdí nìyẹn tí ṣájà PD gidi kò fi lè jó láptọ́ọ̀pù tó bá kéré sí i. Àwọn ṣájà fóònù kan wà tí wọ́n kọ wáàtì gọbọi sí lára, àmọ́ èdè tí ilé iṣẹ́ fóònù yẹn nìkan gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Tí ẹ bá kì wọ́n bọ láptọ́ọ̀pù, wáàtì yẹn kò ní jáde. PD ni kí ẹ wò, ẹ má wo wáàtì nìkan.

Kí ẹ tó ra ṣájà tuntun, ẹ yí láptọ́ọ̀pù náà dojúdé, kí ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà móòdù (model) rẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe "HP" tàbí "Dell" lásán. Ẹ wá nọ́ńbà yẹn lórí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Níbi tí wọ́n ti to ihò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ wo ìlà Type-C. Bí Power Delivery bá wà níbẹ̀, ẹ ra ṣájà PD wáàtì 65, ẹ ó rí i lò. Bó bá jẹ́ pé data nìkan ni wọ́n kọ, ẹ fi owó yín sínú àpò, kí ẹ máa lo ṣájà ẹlẹ́nu roboto tó bá a wá.

Okùn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Okùn Type-C tó bá fóònù wá, ọ̀pọ̀ jù lọ ló jẹ́ pé wáyà USB 2.0 nìkan ló wà nínú rẹ̀, torí iná ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá fi so SSD olówó gọbọi, ìyẹn irú hard drive tí kì í yí, tó sì yára gan-an, mọ́ Thunderbolt, mẹ́gábíìtì 480 náà ni ẹ ó rí. Kíkì okùn tàbí rírọ̀ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Bí ẹnu kan bá jẹ́ Type-A, ẹ ka irin inú rẹ̀. Bí ẹnu méjèèjì bá jẹ́ Type-C, ẹ wo bóyá wọ́n kọ 5, 10, 20 tàbí 40 sí orí rẹ̀. Ti iná náà wà níbẹ̀: okùn Type-C sí Type-C tó dára máa ń gbé dé wáàtì 60. Èyí tó bá máa gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú ẹnu rẹ̀ tó ń sọ agbára rẹ̀ fún ṣájà, wọ́n á sì kọ 100W tàbí 240W sí i lára.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí. Lórí Windows, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ lọ sí Universal Serial Bus controllers. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà eXtensible, USB 3 wà nínú ẹ̀rọ yín. Bó bá jẹ́ Enhanced nìkan, 2.0 ló mọ. Kò ní sọ fún yín pé ihò wo ni o, ó kàn ń sọ ohun tó wà nínú ilé ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣì fi Windows 7 sí nílò àkíyèsí: Windows 7 kò bá dráífà USB 3.0 wá, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ihò náà ṣiṣẹ́, Windows 8 ti ọdún 2012 ló kọ́kọ́ gbé e wá fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó fọ́ọ̀mátì ẹ̀rọ náà kò bá fi dráífà sí i, ihò búlúù lè kú pátá tàbí kó máa rìn ní 2.0.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ da fáìlì kan tó tó 5GB, kó jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo, láti inú láptọ́ọ̀pù sínú hard drive, nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wo nọ́ńbà tí Windows kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, ó máa ń ga lásán. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀. Bó bá ju mẹ́gábáìtì 50 lọ tó sì dúró síbẹ̀, ihò yẹn kì í ṣe 2.0. Ẹ má fi fláàṣì olówó pọ́ọ́kú ṣe ìdánwò yìí: kọ̀ròbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ kò lè mú kí ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó yára. Fláàṣì lè jẹ́ 3.0 lóòótọ́, kó má lè kọ ju mẹ́gábáìtì 10 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun kan tún wà: ẹ ti ẹnu okùn bọ ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wọlé dáadáa. Bí ẹ bá ń rọra tì í díẹ̀díẹ̀, irin mẹ́rin lè ti kan ara wọn, kí kọ̀ǹpútà sì ti gbà pé 2.0 ni, kí márùn-ún yòókù tó débẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un kì bọ̀.

Lára láptọ́ọ̀pù yín, báyìí ni èmi ì bá ṣe tò ó. Hard drive nínú búlúù, pẹ̀lú okùn tó fẹ̀. Bí SS bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mànàmáná yẹn, ibẹ̀ ni kí ohun tí ẹ fi ń ka káàdì kámẹ́rà wà, kí òun náà sì jẹ́ 3.0, torí káàdì tó dára lè fún yín ní mẹ́gábáìtì 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, USB 2.0 á sì fún un lọ́rùn. Bí SS kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún fóònù. Ihò dúdú lásán tó wà lápá ọ̀tún ni ti máòsì àti píríńtà, wọn kò nílò eré. Máòsì aláìlókùn dára níbẹ̀ fún ìdí mìíràn: Intel ti fi hàn ní 2012 pé USB 3.0 tó ń ṣiṣẹ́ máa ń da rédíò gígáhẹ́ẹ̀tì 2.4 rú, rédíò yẹn gan-an sì ni máòsì bẹ́ẹ̀ ń lò. Bí ẹ bá ti rí i rí pé máòsì ń fò, tó ń dúró, nígbà tí iṣẹ́ ńlá ń wọ hard drive, ẹ gbé ohun kékeré rẹ̀ tí ẹ kì bọ ara kọ̀ǹpútà jìnnà sí búlúù.

Ẹ má sì kì hard drive bọ ihò dúdú tó jẹ́ 2.0 nítorí pé búlúù ti kún. USB 2.0 ń gbé mílíámpù 500 jáde, 3.0 ń gbé 900. Hard drive tó ń yí nílò iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, bí kò bá sì rí i tó, á máa ró kọ́-kọ́, á máa já kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì ìgbéyàwó èèyàn lè bàjẹ́ síbẹ̀, a kì í sì í tún ìgbéyàwó ṣe nítorí fídíò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti àwọn ẹ̀rọ olórí mẹ́rin (USB hub, èyí tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin) tí kò ní ṣájà tirẹ̀: iná ihò kan ni wọ́n ń pín láàárín gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ wọ́n.

Ẹ ra okùn yẹn kí ọjọ́ Sátidé tó dé. Bí ẹ bá yí láptọ́ọ̀pù náà dojúdé, kí ẹ ya nọ́ńbà móòdù rẹ̀ àti àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Type-C ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá sọ fún yín bóyá ó ń gba ṣájà, kí ẹ tó náwó sí ṣájà tuntun.